Kéèkì Ọ̀pẹ̀yìnbó Tí Kò Ní Fúláwà

Òórùn ọ̀pẹ̀yìnbó tó ń hó nínú ṣúgà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ṣúgà ti yọ́, ó ti pọ́n, omi ọ̀pẹ̀yìnbó ń ta pàpà lórí rẹ̀, òórùn kẹrosíìnì inú sítóòfù sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá mi lórí ẹní. Ẹ̀yin tí a jọ gbé ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan ní Ìsọlọ̀ láyé ìgbà yẹn, tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tí èèyàn ń sè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ilé ò ní gbọ́. Kí n tó nujú tán, ará ilé kan ti ké láti yàrá ọ̀kánkán pé, "Ìyá Sìdí, kí lẹ̀ ń sè tó ń pe èèyàn báyìí?" Màmá mi dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣì máa sùn, ẹ jọ̀ọ́. A ò tíì mọ ohun tó máa dà."

Lóòótọ́ ni, a ò mọ̀. Láfún ló wà nínú abọ́ níbi tó yẹ kí fúláwà wà. Èmi ni Sìdí tí wọ́n fi ń pe màmá mi. Èso ni màmá mi ń tà létí títì ní Apákun: ọ̀pẹ̀yìnbó, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, àti mángòrò nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá dé. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ṣíífù ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀, ọ̀sẹ̀ yìí ojúmọmọ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òru. Ìséyìn ni àwọn méjèèjì ti wá. Èso tó bá ti rọ̀ jù fún títà kì í dé ààtàn nílé wa, a máa jẹ ẹ́, tàbí ká sè é, tàbí ká fún un mu. Oje ọ̀pẹ̀yìnbó kì í kúrò lọ́wọ́ màmá mi. Tó bá fọwọ́ nù mí lójú báyìí, ojú á máa ta mí fún ìgbà díẹ̀.

Kí ló wá dé tí èèyàn fi ń fi láfún ṣe kéèkì? Nítorí tèmi ni. Inú mi kò gba àlìkámà, ohun tí wọ́n ń lọ̀ di fúláwà. Ó rọrùn lẹ́nu báyìí tí mò ń sọ ọ́, àmọ́ kí wọ́n tó mọ̀, ojú àwọn òbí mi rí màbo. Tí mo bá jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ikùn mi á ti wú, á máa lọ́ mi, màá wá máa sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́ tí gbogbo ilé jọ ń lò, ẹnì kan á sì dúró síta máa kan ilẹ̀kùn mọ́ mi lórí. Mo gbẹ, ọrùn mi tín-ín-rín. Àwọn kan ní aràn ni, àwọn kan ní mò ń jẹ iyẹ̀pẹ̀. Àgbo tí mo mu nígbà yẹn, tí wọ́n bá dà á jọ, á kún dúrọ́ọ̀mù. Dókítà obìnrin kan ní ọsibítù ìjọba ló jókòó tó bi màmá mi ní ohun tí mò ń jẹ lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní kí wọ́n yọ gbogbo ohun tó bá ní àlìkámà kúrò: búrẹ́dì, bísíkíìtì, pọ́fù-pọ́fù, tàlíà, títí kan sẹ̀mó. Màmá mi ní, "Sẹ̀mó kẹ̀! Ṣé kì í ṣe àgbàdo ni?" Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní àlìkámà ni. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti yọ.

Ara mi yá, àmọ́ ojú ń tì mí. Bísíkíìtì la fi ń yan ọ̀rẹ́ nílé ìwé nígbà tiwa. Ẹnì kan á dá tiẹ̀ sí méjì, á nawọ́ ìlàjì sí ẹ, ọ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi ò lè gbà á, n ò sì lè sọ ìdí tí n ò fi gbà á, nítorí ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru? Mo máa ń sọ pé mo ti yó. Wọ́n ní mò ń ṣakọ. Rófíà nìkan, ọmọ ìyá tó ń ta ìbòrí ládùúgbò wa, ni kò bìkítà bóyá mo gbà tàbí mi ò gbà. Ó ní ìlàjì méjèèjì á sáà kù fún òun.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ilé kéwú. Ẹ̀yin náà mọ bí wòlímọ̀ ṣe máa ń rí. Tí ọ̀wọ́ àwọn ọmọ kan bá parí ìwé wọn, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á ké kéwú kí gbogbo àdúgbò gbọ́, lẹ́yìn náà àwọn ìyá á gbé oúnjẹ jáde. Níbi tiwa, wọn kì í bu oúnjẹ fún ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tírè ńlá kan ni wọ́n máa ń gbé sáàárín, àwọn ọmọ á yí i ká, ọwọ́ gbogbo wọn á wà nínú ẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú tèmi, wọ́n gbé tírè fún àwa kékeré náà. Kéèkì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú mítì-páì àti ṣinṣín. Ìyá kan tó mọ̀ nípa inú mi fà mí dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó mú mi lọ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fún mi ní ọsàn. Àánú ló ṣe é. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń fa ọsàn, ẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ mi ni mò ń wò. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, màmá mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

A délé. Ìgbà tó bọ́ ìbòrí rẹ̀ tán, ó ní, "Sìdí, tó bá di tìẹ, wàá jókòó ti tírè." Bàbá mi ní kí ni mo máa wá jẹ níbẹ̀. Màmá mi ní, "Ká wò ó ná." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Tí òjò bá ba ọjà jẹ́, ká wò ó ná. Tí onílé bá ní òun fẹ́ fi kún owó ilé, ká wò ó ná. N ò rí i rí kó sọ pé nǹkan kan ò ṣeé ṣe.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé wa, ọmọ Ìkìrun ni, ó ń ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí tà fún àwọn èèyàn Èjìgbò, ẹ̀bá Ìsọlọ̀. Kò ní ófùùn. Ìkòkò ńlá ló máa ń gbé ka sítóòfù, á bu iyanrìn sí ìdí rẹ̀, á gbé agolo kéèkì lé e, á dé e pa. Kéèkì rẹ̀ sì máa ń wú, ó máa ń dára. Ìgbà tí màmá mi sọ ohun tó bá wá, Àǹtí Bọ́sẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ìyá Sìdí! Kéèkì tí kò ní fúláwà? Ẹ kúkú ní kí n se ẹ̀wà tí kò ní ẹ̀wà." Màmá mi kò bínú, ó ní kó sáà kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, èyí tó kù òun á wá nǹkan fi dípò. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló mú àbá wá pé ká ṣe é ní adojúdé: ọ̀pẹ̀yìnbó oníṣúgà á wà nísàlẹ̀ agolo, èyí tí wọ́n pò á wà lókè rẹ̀, tó bá jinná a ó dojú rẹ̀ dé sínú àwo. Ó ní tí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ gbẹ, omi èso á rin ín.

Ti láfún tí òórùn rẹ̀ jí mi ni àkọ́kọ́. Òórùn yẹn tan gbogbo wa ni! A dojú rẹ̀ dé, ọ̀pẹ̀yìnbó ń dán lórí rẹ̀, ó wuni. Bàbá mi bù ú sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́, kò tán. Ó ń fà mọ́ ọn léyín. Ó ní, "Ó dáa o. Àmọ́ ẹ bá mi bu ọbẹ̀ sí i." A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa, màmá mi gan-an ló rẹ́rìn-ín jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ó gbìyànjú èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyẹn ò fà, àmọ́ ó dúdú kirikiri, Rófíà sì wò ó, ó ní ta ló jó o níná. Ó tún fi ògì gbígbẹ ṣe é, ìyẹn fọ́ wẹ́wẹ́ bí a ṣe ń yọ ọ́, ṣíbí la fi jẹ ẹ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ ilé wa ò jẹun tán lálẹ́ mọ́, wọ́n ń dúró de èyí tó máa bàjẹ́.

Ìrẹsì ló wá ṣe é. Àǹtí Bọ́sẹ̀ lọ díẹ̀ nínú bílẹ́ńdà rẹ̀. Bó ṣe wà kò dúró pọ̀, ni màmá mi bá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n títí èèpo rẹ̀ fi dúdú, ó gún un pọ̀ mọ́ ẹyin, ó rẹ ìyẹ̀fun náà sínú ẹ̀ kó tó gbé e kaná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ló so ó pọ̀. Ó wú díẹ̀, ó rọ̀, ó sì ṣẹ́ dáadáa tí a fi ọ̀bẹ gé e. Bàbá mi jẹ tiẹ̀, ó na àwo padà pé kí wọ́n bù sí i. Èmi náà jẹ, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, inú mi tutù pẹ̀sẹ̀. Màmá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ yẹn, ó ń kọrin lábẹ́nu. Wòlímọ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ìrẹsì tó máa tó tírè gbogbo ọmọ kì í ṣe ohun tí bílẹ́ńdà lè lọ̀, torí náà màmá mi wọn ìrẹsì ní kóńgò, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ẹlẹ́rọ. Bàbá àgbàlagbà kan ni, iwájú òpópónà wa lẹ̀rọ rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń lọ èlùbọ́ àti àgbàdo. Ó lọ̀ ọ́ fún un. Màmá mi mú díẹ̀ níbẹ̀, ó fi ṣe kékeré kan kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ ọn. Mo jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Kó tó di àṣálẹ́, mo ti ká jọ sórí ẹní, ikùn mi le bí pákó, mò ń bì.

Ẹ̀rù bà mí o. Kì í ṣe ti inú rírun, ìyẹn ti mọ́ mi lára. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ìrẹsì náà ti kọ̀ mí. Mo rò ó pé bí oúnjẹ ṣe máa máa kọ̀ mí lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, títí á fi ku ọsàn nìkan. Bàbá mi jókòó tì mí, ó ní, "Ìyá Sìdí, ó tó gẹ́ẹ́. Fi ọmọ yìí sílẹ̀ kó sinmi. Kó jókòó sọ́tọ̀, kí ló burú níbẹ̀?" Màmá mi kò sọ pé ká wò ó ná. Ó gbé abọ́ tó fi po kéèkì, ó lọ fọ̀ ọ́ níta, mo sì gbọ́ tó ń fọn imú. N ò tíì gbọ́ ẹkún màmá mi rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Láàárọ̀, ó pọ̀n mí bí mo ṣe dàgbà tó, nítorí kò fẹ́ fi mí sílẹ̀ nílé, a sì gba ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹlẹ́rọ lọ. Ó fẹ́ bi í bóyá ìrẹsì náà ti bàjẹ́ kó tó lọ̀ ọ́. Bí bàbá ṣe rí wa ló ti ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Sìdí, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ rí èènì tí mo fi kún un fún yín? Ẹ̀rọ jẹ nínú ìrẹsì yín, ó dín, mo ní kò dáa kí n gbé e fún yín bẹ́ẹ̀."

Màmá mi ní, "Èènì wo, Bàbá? Kí lẹ fi kún un?"

"Ìyẹ̀fun tó mọ́ ni o! Àlìkámà tí mo lọ̀ fún Alhájì kan tí dókítà ní kò gbọdọ̀ jẹ iyán mọ́. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Kò yàtọ̀ sí tiyín, ó funfun."

"Yéè!" Màmá mi jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú èmi lẹ́yìn rẹ̀. N ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe ìrẹsì! Sìdí, o gbọ́? Kì í ṣe ìrẹsì!" Ìgbà tó ṣàlàyé tán, Bàbá Ẹlẹ́rọ di orí mú. "Háà! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Èmi tí mo ní mò ń ṣoore!" Màmá mi ló wá ń bẹ̀ ẹ́. Ta ló máa bínú sí ẹni tó fún èèyàn ní èènì? Gbogbo wa la máa ń bèèrè èènì. Tí ẹlẹ́rọ kan bá gbé ìyẹ̀fun fún yín láìfi nǹkan kún un, ṣé ẹ ò ní bú u ní ahun?

Ẹ̀rọ ò ṣeé lò mọ́ nìyẹn, torí kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fọ inú ẹ̀ tó máa mọ́ dójú àmì. Màmá mi rẹ ìrẹsì mìíràn, ó yá odó lọ́wọ́ ará ilé kan, ó fọ̀ ọ́, ó tún fọ̀ ọ́. Àárọ̀ Sátidé, bó ṣe gbé ọmọ odó báyìí, Bàbá Ẹlẹ́rọ ló ń wọlé bọ̀. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó bọ́ agbádá, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ màmá mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Gbogbo ilé jáde wá wòran. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló ń jọ̀ ọ́, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá, ẹ̀rọ yín dà?" Ó ní, "Èmi ni ẹ̀rọ lónìí. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀, iná ò gbọdọ̀ lọ." Òógùn bò ó, kò sì sinmi títí ó fi tán.

Ìṣòro kan ṣì kù. Tí mítì-páì bá wà nínú tírè kan náà pẹ̀lú kéèkì tèmi, asán ni gbogbo rẹ̀. Màmá mi lọ bá àwọn ìyá tó kù nílé wọn, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé gbogbo ohun oní fúláwà sọ́dọ̀ àwọn àlejò, kó jẹ́ pé ìrẹsì, adìyẹ, àti kéèkì ọ̀pẹ̀yìnbó nìkan ló máa wà níwájú àwọn ọmọ. Àwọn kan gbà tayọ̀tayọ̀. Ìyá Rófíà fajú ro díẹ̀, ó ní òun ti san owó mítì-páì tán, àmọ́ ó gbà. Màmá mi wá bẹ̀ wọ́n ní ohun kan sí i, pé kí wọ́n má sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ kankan.

Bí mo ṣe jókòó ti tírè nìyẹn. Wọ́n ti wé gèlè funfun mọ́ mi lórí, mo ti ké kéwú tèmi láìṣìṣe, ohùn mi sì ti há díẹ̀. Mo wà láàárín Rófíà àti ọmọkùnrin kan. Wọ́n gbé kéèkì sílẹ̀, ọ̀pẹ̀yìnbó wà lójú rẹ̀ róboróbo, ṣúgà ń dán lára rẹ̀. Èmi rò ó lọ́kàn pé tèmi ni. Mo rò pé wọ́n á fi sílẹ̀ fún mi, wọ́n á jẹ adìyẹ. Ẹ gbà mí o! Kí n tó ṣe bísímílà tán, ọwọ́ ti pọ̀ nínú tírè. Rófíà ti kó sí ọ̀tún, ó ti kó sí òsì. Mo sáré mú ìwọ̀n ìka méjì, mo gbé e mì, mo nawọ́ padà. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù láàárín tírè. Mo dì í mú ní ìhín, Rófíà dì í mú ní ọ̀hún, ó fà á, ó já, ó sọ ọ́ sẹ́nu. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń wò mí lójú, ó ní, "Ta ló ní kó o lọ́ra?"

Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, pẹ̀lú gèlè mi àti kéwú mi. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí. Lẹ́yìn gbogbo láfún, gbogbo èlùbọ́, gbogbo inú rírun, ìwọ̀n ìka méjì ni mo jẹ! Mo dìde, mo sáré lọ bá màmá mi níbi tí àwọn ìyá jókòó sí, mo ní, "Mọ́mì, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán! Wọn ò ṣẹ́ ẹ kù fún mi! Rófíà já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́!" Màmá mi wò mí, ó wo tírè. Ojú rẹ̀ kún fún omi, àmọ́ ẹ̀rín ló ń rín. Ó gbá mi mọ́ra, ó ń sọ pé, "Alihamudulilai. Alihamudulilai." N ò mọ ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí. Mo tún wá sunkún sí i, mo ní ó ti gbè sẹ́yìn Rófíà.

Èjìgbò ni èmi náà ń gbé báyìí, mo ti ní ọmọ tèmi. Níbi iṣẹ́ mi, gbogbo wọn mọ̀ nípa inú mi, nítorí mo máa ń sọ ọ́ síta ni. N kì í purọ́ mọ́ pé mo ti yó. Tí wọ́n bá gbé nǹkan wá, mo máa ń béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀, ojú ò sì tì mí. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti jù ú lọ níbi ìyẹn. Tí wọ́n bá ń ṣọjọ́ ìbí ní ọ́fíìsì, àwọn èèyàn mi á ti ra tèmi lọ́tọ̀, wọ́n á fi bébà dídán wé e, wọ́n á kọ orúkọ mi sí i, wọ́n á gbé e sórí tábìlì mi. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, mo sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn. Màá wá jókòó, màá tú bébà náà, màá jẹ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí tó fi máa tán. Kò sí Rófíà kankan tó máa ń bá mi du ú.